Ọwọ́ Òsì Ràmátù

Lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Sokodé, ní ilẹ̀ Togo, báyìí, àfáà kan wà tí ó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ se tàdáwà, omi dúdú tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ̀wé sára wàláà. Yóò ha dúdú ìdí ìkòkò sínú omi, yóò fi oje igi sí i, yóò gbé e ka iná, òórùn rẹ̀ yóò sì gun ògiri kọjá wá bá mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà mi. Òórùn náà kò dùn, kò sì burú. Ó dà bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sínú ààrò tí iná ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń di imú wọn. Èmi kì í di tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ méjì gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, kan ṣoṣo láti Tchamba wá kí mi. Ọmọ Kambolé ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì. Ìdánwò ló wà níwájú wọn. Wọ́n gbé ìwé Faransé kan lọ́wọ́, ìwé tí ó ń sọ bí ọkàn ọmọ ṣe ń gba ẹ̀kọ́, bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣe é, bí ìyìn ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí ọmọ kan fi ń yára tí èkejì fi ń falẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le, kí n bá àwọn sọ ọ́ ní èdè wa. Mo wo ìwé náà, ó rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ tí mo sì ti tún sọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni. Mo ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá. Ọjọ́ kejì ni òórùn tàdáwà gun ògiri, mo sì rí i pé n kò ní ohun tí mo lè sọ fún wọn tí ó ju ọ̀rọ̀ Ràmátù lọ.

Agboolé kan náà ni wọ́n ti bí wa ní Kambolé, èmi àti Ràmátù, ní àkókò òjò kan náà. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ìdírísù, ni ó ni yàrá tí ó kọjú sí tiwa. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ó bá sì ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di òkúta nìyẹn. Ìyá Ràmátù ní tirẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, a ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò Àfáà Búrẹ́mọ̀, tí a ń ké kéú. Nígbà tí oòrùn bá gòkè, a ó lọ sí ilé ìwé Faransé tí à ń pè ní lékóòlù, a ó sì padà sí abẹ́ dóńgóyárò lẹ́yìn ìrun alááṣárì. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ́ nìkan ni kéú máa ń sinmi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìsinmi náà jẹ́ ti ọmọ kéú o. Oko Àfáà ni à ń lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Bí ẹ bá rí Ràmátù nínú ilé, ẹ ó ní kí ẹnìkan bá a pa ẹnu dé. Ó lè sín ikọ́ tí ládàání máa ń wú kí ó tó pe ìrun jẹ débi pé àwọn àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ sí wá bùtá ìwẹ̀ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí àkókò kò tíì tó. Ó máa ń ka orúkọ gbogbo ewúrẹ́ agboolé àti ti ìyá wọn. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti jókòó síwájú wàláà, tàbí lórí bẹ́ńṣì ní lékóòlù, ohùn rẹ̀ á rá mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun bí omi tí a dà sórí iyanrìn.

Ọwọ́ òsì ni Ràmátù ń lò. Láti ìgbà tí ó ti ń rá ni ó ti ń fi òsì mú nǹkan. Lọ́dọ̀ wa, ẹ mọ iṣẹ́ tí a fi rán ọwọ́ òsì. A kì í fi jẹun, a kì í fi kí èèyàn, a kì í sì í fi gba ohun tí àgbà bá nà sí wa. Fún ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ìyá wa máa ń béèrè pé ọkọ wo ni yóò jẹ ọbẹ̀ tí a fi òsì rò. Ìyá Ràmátù ti lù ú, ó ti fi ata pa ọwọ́ náà, kò gbọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kéú, tí ó wá di pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ọmọ yìí fẹ́ fi òsì kọ, ìyá rẹ̀ mú aṣọ funfun kan, ó rì í sínú hàntù, omi tí a fi fọ wàláà tí àyọkà Àlùkùránì wà lára rẹ̀. Aṣọ náà ni ó fi ń di ọwọ́ òsì Ràmátù mọ́ ìbàdí rẹ̀ láràárọ̀. Kò ṣe é nítorí ìkà. Ìfẹ́ ni, àdúrà ni, ó sì máa ń so ó rọra kí ó má bàa dùn ún.

Mèsíyé, olùkọ́ wa ní lékóòlù, ará gúúsù ni, kò gbọ́ èdè wa, kò sì gbọ́ Tem, èdè àwọn ará Sokodé. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí aṣọ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé òun ti rí òbí tí ó gbọ́n.

Ọwọ́ ọ̀tún Ràmátù wá ń kọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyẹ̀pẹ̀. Bí ó bá ti gbé gègé, ojú rẹ̀ á máa wo aṣọ ìbàdí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò, òun tí ó ń sín ládàání jẹ. Ìyá rẹ̀ ní ọpọlọ ọmọ náà ni kò ṣí, ó sì ń fún un ní hàntù mu, igbá kan ní àárọ̀, igbá kan ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ kéú fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ràmátù, ikùn rẹ ti ké Àlùkùránì parí, ẹnu rẹ ló kù." Ó rẹ́rìn-ín ní ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń pè é ní olódo, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ fi èyí sọ́kàn: orúkọ tí a bá ń pe ọmọ, ó máa ń lọ wá a rí ni.

Nígbà tí a tún ń kọ ebè tuntun, tí Ràmátù kò tíì lè kọ Fátíà sára wàláà, Bàbá Ìdírísù sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣòwò ní ìhà Benin, kò jìnnà sí ààlà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní ọmọ kan tí yóò máa bá òun tọ́jú ilé. Bàbá Ìdírísù ní bí Ràmátù bá gbé wàláà kí iṣu tuntun tó jáde, yóò dúró sí Kambolé, yóò sì máa bá kéú àti lékóòlù lọ. Bí kò bá gbé e, yóò lọ bá àbúrò òun. Gbígbé wàláà, ọjọ́ ńlá ni lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí ó bá ti parí apá kan nínú Àlùkùránì, Àfáà á ya òdòdó oríṣiríṣi yí àyọkà rẹ̀ ká lára wàláà, ọmọ náà á sì gbé e láti agboolé dé agboolé, wọn á máa fún un ní ẹyin, àgbàdo àti owó wẹ́wẹ́. Èmi ti gbé tèmi. Ràmátù ni ó bá mi di àgbọ̀n ẹyin mú ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Oko Àfáà ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Kò sí ẹni tí ó ń di ọwọ́ ọmọ nínú oko, nítorí oko kò béèrè ọwọ́ wo ni ó ṣiṣẹ́. Àkókò tí ìtàkùn iṣu ń jáde ni. Àfáà ti gún igi sí ẹ̀gbẹ́ ebè, iṣẹ́ àwa ọmọdé sì ni láti lọ́ ìtàkùn mọ́ igi náà. Ní etí oko, ó gbin èsúrú sí ọ̀nà méjì, ó fún èmi ní ọ̀kan, ó fún Ràmátù ní ìkejì. Mo lọ́ tèmi bí mo ṣe máa ń lọ́ ti iṣu. Nígbà tí a padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìtàkùn èsúrú tí mo lọ́ ti tú, ó wó sílẹ̀ bí irun tí a kò dì. Ti Ràmátù di igi rẹ̀ mú gírígírí títí dé òkè.

Àfáà rí méjèèjì. Ó ní kí Ràmátù lọ́ òmíràn kí òun rí i. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ó ti ń yí ìtàkùn náà gba ọ̀nà tí àwa yòókù kì í gbà. Èèyàn tó bá ti ṣe oko iṣu mọ̀ pé iṣu àti èsúrú kì í gba ọ̀nà kan náà gun igi. Ẹni tí ó bá fipá mú èsúrú gba ọ̀nà iṣu, yóò bá a nílẹ̀. Àfáà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lójú mi, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ rò ó sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní kí n tún tèmi lọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó pe Ràmátù síwájú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tú aṣọ funfun náà. Ó ká a dáadáa, ó fi sábẹ́ awọ àgùntàn tí ó jókòó lé, ó wá fi gègé sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ràmátù kò mú un. Ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá ìyá òun ń bọ̀. Àfáà ní, "Ràmátù, ọmọ mi, wí Bìsìmílà, kí o kọ ọ́." Ó wí i, kò sì kólòlò, ó mú gègé náà, ó ń kọ ọ́.

Ládàání, ẹni tí ikọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn, ń kọjá lọ. Ó dúró, ó pariwo pé kí ni èyí, ṣé òsì ni wọ́n wá fi ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní Kambolé? Àfáà kò gbé ojú sókè.

"Ládàání, tí o bá forí balẹ̀ fún Ọlọ́run, ibo lo ń gbé ọwọ́ òsì rẹ sí?"

"Ilẹ̀ náà ni. Níbo ni ǹ bá tún gbé e sí?"

"Ṣé Ọlọ́run lé e kúrò níbẹ̀?"

Ládàání wúkọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àfáà ṣàlàyé fún ìyá Ràmátù ní ìrọ̀lẹ́ pé ọ̀tún ni ọmọ náà yóò máa fi jẹun, ọ̀tún ni yóò máa fi kí èèyàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ó máa fi òsì kọ̀wé. Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀, ó sì gbà.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Láti ọ̀tún lọ sí òsì ni kéú ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún àwa yòókù máa ń gba orí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kọjá, tàdáwà tútù á sì pa mọ́ wàláà àti apá aṣọ wa. Ìyá mi ti fọ aṣọ mi títí ó fi sú u. Ọwọ́ òsì Ràmátù ń sá níwájú ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ ni. Wàláà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àfáà gbé e sókè fi han gbogbo wa, kò yìn ín púpọ̀, ó kàn sọ pé, "Ẹ wò ó." Ràmátù jókòó, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń ka Súrà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ibi tí kò bá ti yé e, Àfáà á ní kí ọmọ kéú tí ó fi díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ jókòó tì í, kì í ṣe ẹni tí ó ti lọ jìnnà. Ó ní ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Kí iṣu tuntun tó jáde, Ràmátù gbé wàláà. Bàbá Ìdírísù, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, pa awó méjì. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ pẹ̀lú, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ọmọ kò wá mọ́.

Lékóòlù ni kò gbà. Mèsíyé rí i pé aṣọ ti kúrò, ó sì fi áńkáṣífù ara rẹ̀ di ọwọ́ náà. Kí Ràmátù tó mọ ìrọ̀rùn, ó lè jẹ́ pé yóò fara mọ́ ọn. Báyìí tí ó ti mọ̀ ọ́n, kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó, kò fi ọ̀tún mú ṣọ́ọ̀kì. Mèsíyé fi rúlà lù ú, kò mú un. Ó ní kí ó jáde, kí ó má padà wá títí tí yóò fi gbọ́ràn. Mo rí i láti ojú fèrèsé bí ó ti ń gba àárín pápá lọ, oòrùn ń mú un lórí.

Àfáà fúnra rẹ̀ lọ bá Mèsíyé, pẹ̀lú èmi tí mo ń bá wọn túmọ̀ Faransé kékeré tí mo gbọ́. Mèsíyé bọ̀wọ̀ fún un, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Ó ní òun mọ̀ pé àgbà ni, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ òun, ọmọ tí a bá gbà láyè nínú èyí kò ní gbọ́ràn nínú òmíràn. Àfáà béèrè pé ṣé ìwé ni wọ́n rán ọmọ wá kọ́ ni, àbí ọwọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú. Mèsíyé ní àwọn méjèèjì. Àfáà dúpẹ́ omi, a padà sílé.

Ràmátù jókòó sílé. Ọmọbìnrin tí ó jókòó sílé, àwọn ẹbí á rí iṣẹ́ fún un. Àbúrò bàbá rẹ̀ gbọ́, ó sì wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akóṣu ń lọ. Bàbá Ìdírísù sọ fún Àfáà lójú wa pé, "Mo mú àdéhùn mi ṣẹ, Àfáà. Ilé ìwé ni kò mú tirẹ̀ ṣẹ." Ràmátù jókòó sórí iṣu nínú ọkọ̀, ó ń sín ikọ́ ládàání jẹ fún mi kí n lè rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

Mo di olùkọ́. Wọ́n pè wá sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Sokodé léraléra, àwọn ọ̀mọ̀wé sì dúró níwájú wa, wọ́n ń ṣàlàyé pé ọkàn ọmọ tí ẹ̀rù bá bà á máa ń tì pa, pé gbogbo ọmọ kì í gba ọ̀nà kan náà dé ibi ìmọ̀, pé ohun díẹ̀ tí ó fi ju agbára ọmọ lọ ni kí a máa fi síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Orúkọ ńláńlá ni wọ́n fún gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo yege nínú ìdánwò rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Nígbà tí mo bá délé, á rẹ̀ mí bí ẹni tí wọ́n mú òògùn wá fún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú.

Nígbà tí Bàbá Ìdírísù kú, Ràmátù wá sí Kambolé. Ó ti sanra, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó ní àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ, owó rẹ̀ kò burú, Àlàmùdù lílàhì. A jókòó pọ̀ lórí ẹní lẹ́yìn àdúrà òkú. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì ń kọ̀wé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni n ó kọ ọ́ sí?"

Mo ní kí ó kọ ọ́ sí èmi.

"Ìyá Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì," ó ní, ó pè mí bí àwọn ọmọ ṣe ń pè mí, "kéú ni mo lè kọ, ìwé Faransé ni ìwọ ń kà. Jẹ́ kí a jókòó jẹ́ẹ́." A sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bọ̀ láti Tchamba, ohun púpọ̀ ti yí padà. Kò sí ẹni tí ó ń di ọwọ́ ọmọ mọ́ ní Kambolé. Mo lọ síbẹ̀ nígbà ọdún Iléyá, mo sì rí ọmọ tí ń fi òsì kọ̀wé, olùkọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ọwọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kíláàsì yín kún, owó yín kéré, ó ń rẹ̀ yín, mo mọ̀, èèyàn tí ó bá sì ti rẹ̀ máa ń yára sọ pé ọmọ kan kò gbọ́. Mèsíyé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun mìíràn.

Ẹ ka ìwé yín dáadáa, kí ẹ yege. Lẹ́yìn náà, tí ọmọ kan bá jókòó síwájú yín tí kò kọ ohunkóhun, ẹ má tètè ní kí ó jáde. Pápá ilé ìwé yẹn kò fẹ̀, ọmọdé á sáré kọjá rẹ̀ kí ẹ tó pa ojú dé. Ràmátù rìn ín kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a kò sì rí i dá padà di òní olónìí.